Ọkọ Ọjọ́ Mẹ́rìndínlógún

Abúlé kan wà lórí òkè, tí ọ̀nà rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun àgùntàn, tí ọkùnrin kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí ọmọkùnrin bá ti ń sún mọ́ ogún ọdún, ọkọ̀ akẹ́rù á gbé e lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, ó di àmọ́dún kó tó tún gòkè. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún péré ni wọ́n ń fún wọn láti fi sinmi lọ́dún kan. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan lé e, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, obìnrin ló ń ro oko níbẹ̀, obìnrin ló ń rẹ́ irun àgùntàn, obìnrin ló ń tún òrùlé ṣe, obìnrin náà ló sì ń gbẹ́ sàréè nígbà tí ẹnì kan bá kú. Bí àlejò bá ṣèèṣì yà síbẹ̀, á rò pé ogun ló kó wọn lọ́kọ lọ.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ àbíkẹ́yìn darandaran kan. Bàbá rẹ̀ náà ti wa kùsà rí, kùsà gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó rí àyè padà wálé wá máa da àgùntàn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọmọbìnrin yìí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ru igi ìdáná, tó dé àárín ọ̀nà, tó dùbúlẹ̀, tó sì kọ̀ kò dìde. Ó fà á, ó tì í, ó bẹ̀ ẹ́, ó bú u. Ẹranko ò tilẹ̀ mi etí. Ibẹ̀ ló wà nígbà tó gbọ́ súfèé ẹnì kan tó ń bọ̀ lókè ọ̀nà.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ó tó ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, gbogbo abúlé ló ń pè é ní Asúfèé. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́fà nínú ìsinmi rẹ̀. Ó dúró, ó wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò kú. Ó ń ronú ni."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń ronú?"

"Ṣáájú kí oòrùn tó kan àtàrí."

Asúfèé ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹranko náà bí ẹni tó wá kí aláìsàn. "Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó, nígbà náà." Wọ́n jókòó síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó tú ìdajì igi náà, ó gbé e ka èjìká, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì dìde fúnra rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ̀yin lẹ wá di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ báyìí," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Tó o bá máa dà mí dé ilé yín, kò burú."

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù fún un, kò sì sí ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tí kò rí àwáwí tó máa gbé e gba iwájú ilé darandaran. Lónìí, ó wá yá òòlù. Lọ́la, ó wá dá òòlù padà. Lọ́túnla, ó wá bèèrè bóyá òòlù tí òun dá padà ṣì wà dáadáa.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó padà, ó bẹ agbẹ̀bí abúlé pé kó ṣe alárinà òun. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọbìnrin náà ni agbẹ̀bí, kò sì sí ilé tí kò lè wọ̀ láìkan ilẹ̀kùn, torí òun ló gba gbogbo àwọn tó wà nínú ilé náà sáyé. Ó bá ìyá ọmọ níbi tó ti ń ya irun àgùntàn.

"Tó bá jẹ́ torí ọmọkùnrin yẹn lẹ ṣe wá," ni ìyá wí láìgbójú sókè, "ẹ mu omi, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Omi náà ni màá kọ́kọ́ mu," ni agbẹ̀bí dáhùn, ó sì jókòó. "Kí ni ìwà ẹ̀ ṣe?"

"Ta ló mọ ìwà ẹni tí kì í sí nílé? Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní fọmọ mi fún ọkọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Èmi nìyí, ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe opó ọkùnrin tó wà láàyè. Tí òkúta ò bá wó lu ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, ǹ bá má mọ̀ pé ó máa ń hanrun."

Darandaran tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà wúkọ́, kó má baà rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó rún yẹn," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, "ẹkún ni mò ń sun lójú gbogbo èèyàn. Àmọ́ nínú mi lọ́hùn-ún, inú mi ń dùn. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Ọkọ mi ya arọ, inú mi ń dùn. Irú ìfẹ́ wo nìyẹn? Ṣé irú ẹ̀ lẹ fẹ́ kí ọmọ mi náà jogún?"

Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ti gbọ́ súfèé lọ́nà, ta ló fẹ́ fi òótọ́ dá a padà?

Lọ́jọ́ kejì, Asúfèé fúnra rẹ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọdún mẹ́ta péré ni, Màmá," ló wí. "Ọdún mẹ́ta ni màá tún wa kùsà sí i. Màá fi ra àgùntàn, màá padà wálé, mi ò sì ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Èmi ni mo sọ ọ́."

Ìyá wò ó títí. Nígbà tó yá, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, Màámi."

"Ó dáa," ni ìyá wí. Kò fi kún un, kò sì súre. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbà tí èèyàn bá ti ilẹ̀kùn.

Ọdún kejì ni wọ́n ṣègbéyàwó. Nínú ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìpalẹ̀mọ́ gba márùn-ún. Mọ́kànlá ló kù fún ọkọ àti ìyàwó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìlá, ìyàwó dúró níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń yí padà, ó di kóòtù ọkọ rẹ̀ mú, torí ọkọ sọ pé ooru wà nísàlẹ̀, òun ò nílò rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló gbé kóòtù náà kọ́. Fún oṣù mẹ́rin, bó bá ti oko dé, á kọ́kọ́ fimú kan ọrùn rẹ̀ kó tó bọ́ bàtà. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, òórùn ọkọ ti tán lára rẹ̀. Kóòtù lásán ló kù.

Ó bí ọmọbìnrin. Nígbà tí bàbá ọmọ dé, ọmọ ti lé lóṣù mẹ́ta. Nígbà tó tún padà dé, ọmọ ti ń sọ̀rọ̀, ó sì sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní, "Ta nìyẹn?" Gbogbo àwọn obìnrin abúlé ló mọ ìbéèrè yẹn. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín sí i lójú ọkọ. Ó di ọjọ́ tí ọkọ bá lọ kí wọ́n tó ronú sí i.

Ọdún mẹ́ta pé. Asúfèé kọ̀wé pé àwọn àgùntàn tí òun fẹ́ rà ò tíì pé. Ọdún kẹrin, ó ní ó ku díẹ̀. Díẹ̀ ọ̀hún ò tán. Ìyàwó rẹ̀ náà ń kọ̀wé sí i: àgùntàn méjì bí, ọmọ ti wọ ilé ìwé, ara gbogbo wa le. Àwọn ohun tó gba ìwé ló ń kọ. Ti inú rẹ̀ ò gba ìwé.

Ọdún kẹrin yẹn ni òjò wó odi oko wọn. Oko orí òkè kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ńṣe ni wọ́n gé e ní pẹpẹ pẹpẹ bí àtẹ̀gùn, odi òkúta ló sì ń gbá ilẹ̀ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan mú. Bí odi bá wó, ilẹ̀ á wọ́ lọ, ebi ló kù. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó mọ bí wọ́n ṣe ń to òkúta nínú abúlé ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ìyàwó Asúfèé gbé àga fún un sínú oko.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ máa fọ̀pá júwe. Èmi á máa gbé e."

"Ó wúwo fún obìnrin."

"Ebi náà wúwo, Bàbá. Àwa náà la sì ń gbé e."

Arúgbó náà wò ó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan òkúta kan. "Òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní ojú. Wá ojú ẹ̀ kó o tó fọwọ́ kàn án." Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí arúgbó náà fi máa kú, kò sí odi tí obìnrin náà ò lè tò. Àwọn obìnrin láti òkè kejì wá ń pè é, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìyàwó Asúfèé mọ́. Atòkúta ni wọ́n ń pè é.

Lọ́dún kan, tí ìgbéyàwó wọn ti pé ọdún méjìlá, Asúfèé dé, ó sì lọ kọlu ògiri níbi tó rò pé ilẹ̀kùn wà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn sápá ibí?" ló bèèrè, ó ń fọwọ́ ra iwájú orí.

"Afẹ́fẹ́ ni," ni ìyàwó dáhùn. "Apá ọ̀hún tẹ́lẹ̀ ló máa ń gbà wọlé wá bá wa lóṣù òtútù."

"Kí ló dé tẹ́nìkan ò sọ fún mi?"

"Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni mo ṣí i. Mo rò pé ẹ ti mọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ó ti bá ilẹ̀kùn yẹn wọlé nígbà mẹ́rin láìmọ̀ pé ó yàtọ̀. Ìyàwó gbé oúnjẹ fún un. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn jókòó ti àwọn méjèèjì títí tí ìsinmi fi tán.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ nìyẹn. Ọmọ dàgbà, ó di olùkọ́ ní ilé ìwé kan tó jẹ́ ìrìn ìdajì ọjọ́ sí abúlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó fi ẹ̀yìn ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò kan. "Màámi, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lẹ ti ṣègbéyàwó. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀yin àti Bàámi ti jọ gbé pọ̀, kò tó ọdún kan àti oṣù méjì."

Atòkúta ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. "Kí lo wá ń ka ìyẹn fún?" ló wí. Ó ṣe é títí ọ̀sán yẹn, òwú ò wọ abẹ́rẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kùsà tán nísàlẹ̀. Wọ́n ti ihò náà pa, ọkọ̀ akẹ́rù kó gbogbo ọkùnrin padà wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn obìnrin tò sí ojú ọ̀nà. Wọ́n ń retí ọkọ, àwọn bàbá arúgbó ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni Asúfèé, ṣùgbọ́n eruku ti jẹ àyà rẹ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Kò súfèé mọ́. Èémí tó fi ń súfèé ti bá kùsà lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìdáwà tán nígbà tí ọkọ bá dé, ẹ gbọ́. Ọkùnrin náà ń jí ní ìdájí, ó ń wọ bàtà, ó ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò sì níbi tó ń lọ. Ó ń dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé olóúnjẹ. Orí àga tí ìyàwó máa ń jókòó sí láti bọ́ bàtà oko ló jókòó sí, ìyàwó ò sì mọ bó ṣe máa sọ pé kó dìde. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà, "ẹ pẹ̀lẹ́" ni ìyàwó ń wí, "pẹ̀lẹ́ o" ni ọkọ ń dáhùn, oníkálukú á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún èkejì. Nígbà tí Atòkúta ń dá gbé, ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tí obìnrin náà ń retí. Ní báyìí, ẹni náà ti dé, Atòkúta ò sì rí i nínú ọkùnrin tó wà nílé.

Ó wá ń pẹ́ lóko. Odi tí kò ní nǹkan kan, á tú u, á tún un tò. Ní oṣù kẹta, ó gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó irun àgùntàn sí.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí," ló wí.

"Pẹ̀lẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó bá a gbé etí kan bẹ́ẹ̀dì náà.

Nígbà tí ọmọ wọn wá kí wọn, bàbá rẹ̀ pè é sẹ́yìn ilé. Ó ti fá irùngbọ̀n.

"Bá mi bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀."

"Nípa kí ni, Bàámi?"

"Pé mo fẹ́ máa wá kí i."

"Inú ilé kan náà lẹ jọ wà."

"Níbi iṣẹ́ ẹ̀ ni mo fẹ́ ti máa wá kí i." Ó wúkọ́, ó dúró kí àyà rẹ̀ rọlẹ̀. "Sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Olùkọ́ náà ò retí pé òun lóun máa ṣe alárinà fún bàbá tó bí òun. "Bàámi, ẹ má bínú o. Kí n tó jíṣẹ́ yìí, kí lẹ fẹ́ fi ìyá mi ṣe? Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n gbé láìsí yín. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Tẹ́ ẹ bá tún ṣí ọgbẹ́ yẹn, tẹ́ ẹ wá lọ ńkọ́?"

"Ibo ni mo tún fẹ́ lọ, ọmọ mi? Ẹsẹ̀ wo?"

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń lọ, Bàámi."

Bàbá náà gba ọ̀rọ̀ yẹn. "Òótọ́ lo sọ," ló wí. "Bá mi jíṣẹ́ náà ṣá."

Atòkúta rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, omi náà ò sì tètè dá. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní: "Sọ fún un pé àwọn òbí mi ti kú, kò sẹ́ni tó máa bá mi wádìí ẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá wádìí. Kó wá ní Wẹ́sìdeé."

Ní Wẹ́sìdeé, Asúfèé wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gun ọ̀nà oko, ó dúró nígbà méje kó tó dé. Atòkúta ń bẹ lórí odi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí, bí àjèjì ṣe ń kí àjèjì.

"Ẹ ṣé o. Ta lẹ jẹ́?"

Ó ronú díẹ̀. "Asúfèé ni wọ́n ń pè mí lókè níbí. Àmọ́ nísàlẹ̀, wọn kì í jẹ́ kéèyàn súfèé nínú ihò, wọ́n ní òkúta ò fẹ́ ẹ. Òkè ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Torí pé òkè ni mo máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣáá."

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń pe ọkọ rẹ̀ ní Òkè, òun ò sì mọ̀. Atòkúta sọ òòlù kalẹ̀. "Ẹ jókòó," ló wí.

Láti ọjọ́ náà, ó ń wá. Ó sọ fún un nípa òkùnkùn tó wà nísàlẹ̀, tó le débi pé èèyàn á fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó là á. Obìnrin náà sọ nípa ọmọ wọn kejì, tó lo ọjọ́ mẹ́ta péré láyé. "Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé a sin ín," ló wí. "Kì í ṣe 'a'. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀. Agbẹ̀bí ń ṣàìsàn, ìyá mi ti kú. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo kọ fún yín, torí tí mo bá kọ ẹ̀kẹrin, mi ò ní lè dúró."

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ obìnrin náà sọ́dọ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra àwọn èépá tí òkúta dá sí i. Ó ti pẹ́ tẹ́nìkan ti kan ọwọ́ náà.

Bóyá ohun tó fún ọkùnrin náà nígboyà nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ní: "Nǹkan kan wà tí mi ò sọ. Ní ọdún karùn-ún ìgbéyàwó wa, mo parí. Owó àgùntàn pé, mo dágbére fún wọn, mo kó gbogbo ẹrù mi, mo wọkọ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọkọ̀ ti ń yí padà, mo fẹsẹ̀ rìn dé kọ́nà tó gbẹ̀yìn. Mo rí ẹ lórí odi yìí. Obìnrin mẹ́rin ń gbé òkúta fún ẹ. Ò ń pàṣẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Mo wò ó títí, mi ò rí ibi tó ṣófo. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ padà sísàlẹ̀. Mo lọ wọ̀ ọ́."

Atòkúta gbé òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"O rí mi," ló wí.

Láti ọjọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ títí di ọjọ́ yẹn, "ẹ" ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe bọ́ sílẹ̀.

"O rí mi, o sì padà. Mò ń to òkúta torí pé odi wó. À ń rẹ́rìn-ín torí pé ọ̀kan nínú wa sunkún láàárọ̀ débi tí ọ̀rọ̀ ìtùnú tán lẹ́nu wa. Ibi tó ṣófo lo ń wá? Gbogbo ibi tí ojú ẹ kàn ló ṣófo. Fún ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn ìyẹn, ò ń kọ̀wé sí mi pé ó ku díẹ̀."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Ibo lèmi sá lọ?"

Ó mú òòlù, ó lọ sílé. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò bá a sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ń jáde. Nínú yàrá irun àgùntàn, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ń dun òun jù nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ọkùnrin náà sá ni, tàbí pé ó sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án yẹn, tí òun ò sì yíjú.

Asúfèé ò ṣíwọ́ wíwá. Kò wá sí ìtòsí. Ó ń jókòó nísàlẹ̀ odi, ó ń ṣa òkúta kéékèèké jọ, irú èyí tí wọ́n ń fi dí inú odi, nítorí kò lágbára àwọn ńlá. Àárọ̀ dọ̀sán, ó ń ṣà, ó ń sinmi, ó ń ṣà. Atòkúta ń wò ó láti òkè. Ohun tó ń ṣà yẹn ò dáa rárá. Ó pa á mọ́ra lọ́jọ́ kìíní, ó pa á mọ́ra lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ tó mọ̀ ò jẹ́ kó lè dákẹ́ mọ́.

"Èyí tó rí roboto kì í dúró," ló wí látorí odi. "Onígun ni kó o máa ṣà."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó da gbogbo òkìtì òkúta tó ti kó jọ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan lẹ́yìn ìyẹn, kò sì sí ìdáríjì tí wọ́n fi ẹnu sọ. Nígbà tí òtútù dé, Atòkúta gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò ní yàrá irun àgùntàn. Kò sọ pé ẹ̀yìn ti san. Ọkọ rẹ̀ gbé etí kejì.

Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n fi jọ gbé bẹ́ẹ̀. Wọ́n jà lórí iyọ̀, lórí àga, lórí bí ọkùnrin náà ṣe máa ń ṣí fèrèsé nígbà tí gbogbo ayé ń gbọ̀n, torí àyà rẹ̀ ń wá afẹ́fẹ́. Obìnrin náà wá mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń fi sùn, pé ó bẹ̀rù ológbò, pé ó lè sọ ìtàn kan náà nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọkùnrin náà wá mọ̀ pé ìyàwó òun kì í jẹun láàárọ̀, pé ó máa ń bá òkúta sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, pé bó bá dákẹ́ jù, inú ló ń bí i. Lọ́sàn-án kan tí oòrùn mú, Asúfèé jókòó sídìí odi, ó fẹ̀yìn tì í. Ìyàwó rẹ̀ ní kó na òkúta kan sí òun, kò gbọ́. Ó tún un wí. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn obìnrin wá kí Atòkúta. Wọ́n jókòó yí i ká, wọ́n sì ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú.

"Ẹ ṣara gírí," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀. Dídá gbé ti mọ́ wa lára lórí òkè yìí."

Atòkúta mi orí. "Kò rí bẹ́ẹ̀," ló wí jẹ́jẹ́. "Nígbà yẹn, ẹni tí mi ò mọ̀ ni mò ń retí. Kóòtù lásán ni àárò ẹ̀ ń sọ mí. Èyí tí mo sin yìí, mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń kọ sí. Kò mọ́ mi lára rárá. Tuntun ni."

Àwọn obìnrin dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i pé ó dìgbà, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Aládùúgbò rẹ̀ ni, arẹ́run-àgùntàn kan tí ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ yẹn dé lọ́jọ́ tí wọ́n ti ihò pa. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan láàárín tọkọtaya náà ju ti oúnjẹ àti ti àgùntàn lọ. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí etí ìborùn rẹ̀ po.

"Kì í ṣe pé mo fẹ́ da ọ̀fọ̀ yín rú o," ló wí. "Ọkọ mi wà nílé báyìí, ó jókòó. Ó máa ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Báwo lẹ̀yin méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Atòkúta wò ó. Ó sún fún un lórí ìjókòó. Nígbà tí obìnrin náà jókòó tán, Atòkúta bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.